Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Ìró kan wà tí etí mi kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé yìí: ìró òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò pariwo. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìwó, mo ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fò dìde, ẹ̀wà ti fọ́n ká, mo sì ti figbe ta: "Ta ló wà níwájú rẹ̀?"

Ọmọ ọmọ mi ló ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde lábẹ́ igi máńgòrò. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, kò sẹ́nì kankan níwájú. Ọtomátíìkì ni. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, fúnra rẹ̀ ló máa ń rọra rìn."

"Mo mọ̀," ni mo dá a lóhùn.

Ọmọ náà kò mọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sì tíì wa ọkọ̀ tó ní kílọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ta ló tún ń wa mánúà, Màmá? Àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù àtàwọn bàbá arúgbó ló kù tó ń fi ìyẹn da ara wọn láàmú." Ó fi ẹ̀rín sí i, ó bá mi ṣa ẹ̀wà mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ara mi kò wálẹ̀ títí di ọ̀sán. Nítorí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí sílẹ̀. Mo ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ jù.

Bàbá mi ni awakọ̀ Alájì Olóbì. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pe Alájì nìyẹn, nítorí obì ni wọ́n ń kó jọ láti oko Olúpọ̀nnà, Ilé-Ogbó àti àyíká Ìwó, tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí òkè Ọya. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, òmìnira Nàìjíríà sì ku ọdún bíi mélòó kan. Onítẹ̀bọmi ni àwa, Mùsùlùmí ni Alájì, ṣùgbọ́n inú àgbàlá wọn là ń gbé, nínú yàrá méjì tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé lọ́rì sí. Láàárọ̀, ohùn àwọn ọmọ kéú á máa wá láti apá kan, àwa náà á máa kọrin ìsìn òwúrọ̀ ní apá kejì, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí ẹnìkan sọ fún ẹnìkejì pé kó rẹ ohùn sílẹ̀.

Lọ́rì yẹn ni ayé Bàbá mi. Pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ Ẹ̀SỌ̀ LAYÉ sí iwájú orí rẹ̀. Jíà rẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé. Bí ẹ bá fẹ́ yí i láti orí ọ̀kan sí èjì, ẹ ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó yọ jíà sí àárín, ẹ ó jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó wá dúró, ẹ ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì títí ohùn rẹ̀ yóò fi dé ibì kan báyìí, kí ẹ tó tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì ti jíà wọlé. Ẹni tí kò bá lè dúró de ohùn yẹn, lọ́rì á payín keke lójú ọjà, àwọn obìnrin tó jókòó lórí ẹrù lẹ́yìn á sì pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n jọ ń kọrin. Lọ́rì kì í payín lọ́wọ́ Bàbá mi. Ẹsẹ̀ òsì wọn tóbi ju ti ọ̀tún lọ, iṣan rẹ̀ le bí okùn tí a fi ń so màlúù. Ìyá mi a máa sọ pé bí Bàbá bá sùn, ẹsẹ̀ yẹn kì í sùn. Pé ó ń tẹ ẹní, ó ń jọ̀wọ́ ẹní, débi pé òun á mọ ìgbà tí ọkọ òun dé òkè àti ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá mi kò kàwé rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin tiwọn. Bí wọ́n bá dúró, ìbáà ṣe pé omi lásán ni wọ́n fẹ́ mu, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi lọ́rì sí jíà kìíní, wọ́n á sì fi igi dí táyà ẹ̀yìn. Àwọn awakọ̀ kékeré a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí igi yẹn. Bàbá mi á ní, "Ọkọ̀ kò mọ ẹni tó ń wà á. Ohun tí kò bá mọ̀ yín, ẹ má fọkàn tán an."

Ọ̀rẹ́ mi ni Sìkírátù, àbíkẹ́yìn Alájì. Ojoojúmọ́ la máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn lọ́rì náà lẹ́yìn tí a bá ti jẹun ọ̀sán. Òun á fi wàláà rẹ̀ kọ́ mi ní alífù àti báù, èmi náà á fi èédú kọ A, B, D sílẹ̀ fún un. Ó mọ tèmi ju bí mo ṣe mọ tirẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ ni, ohun gbogbo ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín, pàápàá ojú ara rẹ̀ nínú omi.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Bọ̀ọ̀dá Láísì, àkọ́bí Alájì, ti Èkó dé pẹ̀lú ọkọ̀ náà. Ọwọ́ òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń padà sílé ló ti rà á. Ó gùn gbọọrọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, irin dídán sì wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ tí ènìyàn lè fi ṣe dígí. Apá òsì ni sítíárìn rẹ̀ wà, apá òsì títì la sì ń gbà nígbà náà, tó fi jẹ́ pé etí kòtò gan-an ni awakọ̀ ń jókòó sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Bọ̀ọ̀dá Láísì. Ó sọ fún àwa ọmọdé pé kí a yé pe òun ní ẹ̀yin, pé òun kò tíì darúgbó; àṣà náà sì mọ́ mi lára títí di òní.

Gbogbo àgbàlá ló tú jáde wò ó. Bọ̀ọ̀dá Láísì ṣílẹ̀kùn fún Bàbá mi.

"Bàbá Dẹ́rẹ́bà, ẹ wá wo nǹkan. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ tẹ èyí, ó lọ. Ẹ tẹ tọ̀hún, ó dúró. Ẹsẹ̀ òsì yín lè máa sinmi."

Bàbá mi bẹ ojú wo abẹ́ sítíárìn fún ìgbà pípẹ́. "Ta ló wá ń yí jíà?"

"Fúnra rẹ̀ ni."

"Bó bá yí i nígbà tí kò yẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, Bàbá. Àwa ènìyàn là ń ṣe é."

Bàbá mi yọ orí wọn jáde, wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò bí ẹni pé wọ́n ti fọwọ́ kan nǹkan. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí," ni wọ́n wí, "ẹ fẹ́ kí ohun gbogbo gbọ́ tiyín. Ẹ kò fẹ́ gbọ́ tiwọn."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Bọ̀ọ̀dá Láísì náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọkọ̀ náà ní ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan. Àwọn ìyá àgbà ilé kò fẹ́ràn orúkọ yẹn. Wọ́n ní a kì í fi ẹsẹ̀ pe nǹkan báyẹn, pé orúkọ a máa ro nǹkan.

Bàbá mi kò bá wọn pè é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá ni mo mọ ohun tí wọ́n ń wò. Bí lọ́rì bá dúró, ó dúró ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yìí bá dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì fi ọwọ́ jíà rẹ̀ sí D, lẹ́tà ìrìn, ṣe ló ń fà lábẹ́ bíréèkì, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ tó rí ewé lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ tún wá wo èyí: bátìrì rẹ̀ ti ń rẹ̀. Bí lọ́rì bá kọ̀ láti jí, a ó pe ọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n tì í, yóò sì jí. Ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì kò ṣeé tì jí. Nítorí náà, Bọ̀ọ̀dá Láísì kì í fẹ́ pa á. Yóò fi í sílẹ̀ níbi tó ń kùn jẹ́jẹ́, yóò fa bíréèkì ọwọ́ láìyọ jíà kúrò ní lẹ́tà ìrìn, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo gbọ́ nígbà tí Bàbá mi sọ fún Alájì lọ́jọ́ kan níwájú ilé ìkó-obì-sí. Wọ́n ní, "Alájì, ọkọ̀ yẹn kì í dúró. A ń dá a dúró ni."

Alájì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Dẹ́rẹ́bà, ayé ló ń yí. Báyìí náà ni àwọn bàbá wa ṣe sọ̀rọ̀ nígbà tí lọ́rì dé tí a kò fi orí ru ẹrù mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa wa ọkọ̀ tiwọn."

Bàbá mi dákẹ́. Wọn kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìdákẹ́ yẹn dùn wọ́n ju ohun tó tẹ̀lé e lọ, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá mi ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, aṣọ funfun ìsìn ṣì wà lọ́rùn mi. Bọ̀ọ̀dá Láísì fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ilé-Ogbó lọ kí abiyamọ kan. Ó ti gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri ilé ìkó-obì-sí, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, òun sì ti wọlé lọ pe ìyá rẹ̀ tó ń pẹ́. Sìkírátù lóṣòó síwájú ọkọ̀, láàárín irin dídán náà àti ògiri, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú irin, ó ń lé tìróò. Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, wọ́n ń bu omi sí i.

N kò lè sọ ohun tó gbé mi wọ inú ọkọ̀ yẹn ju pé àga rẹ̀ rọ̀ lọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. Mo jókòó, mo di sítíárìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ṣe bí ẹni tó ń lọ sí Èkó. Irin kan wà lábẹ́ níbẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ bí ìdí agboòrùn. Mo ti rí i rí tí Bọ̀ọ̀dá Láísì ń lọ́ ọ kó tó gbéra. Mo lọ́ ọ. Ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó fò wọlé.

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Kò pariwo. Kò sáré. Òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ táyà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Iwájú ọkọ̀ náà ga, n kò rí Sìkírátù, òun náà kò sì rí mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wá wo ojú mi! Ojú mi ń tóbi sí i!"

Mo rí i tí korobá omi bọ́ lọ́wọ́ Bàbá mi. N kò tíì rí wọn kí wọ́n sáré rí ṣáájú ọjọ́ náà, n kò sì tún rí i mọ́. Wọ́n já sí àárín ọkọ̀ àti ògiri, wọ́n gbé Sìkírátù jù sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ju àpò, wọ́n sì yí ara láti jáde. Gbogbo ara wọn jáde, àfi ẹsẹ̀ òsì.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé ọkọ̀ náà kò dúró. Bó ṣe kan ògiri náà, ṣe ló tún ń tì í, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí àgbò tó fi orí ti igi. Mo bú sẹ́kún. Ojú Bàbá mi wà níwájú mi gan-an, lẹ́yìn dígí. Wọn kò ké. Ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ fún mi nígbà tí mo bá ní ibà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Má sunkún. Wò mí. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lápá ọ̀tún sítíárìn. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Dì í mú. Lọ́ ọ sí apá ọ̀dọ̀ ara rẹ. Gan-an nìyẹn. Tún lọ́ ọ."

Ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́. Ìgbà tó dákẹ́ tán ni Bàbá mi tó ké.

Àwọn ènìyàn tú jáde láti inú gbogbo yàrá. Àwọn ọkùnrin fi èjìká ti ọkọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tẹ́ Bàbá mi sílẹ̀ lórí ẹní, Alájì bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi wò mí. Ìwò yẹn kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí pé, "Ọkọ̀ ló rìn fúnra rẹ̀. Ọmọ mi ló sáré wọ inú rẹ̀ lọ pa á."

Báyìí ni mo ṣe di akọni. Wọ́n ń gbé mi láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ìyá Sìkírátù kúnlẹ̀ fún mi, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ń gbàdúrà. Wọ́n pa adìyẹ fún mi, wọ́n sì fi itan rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, mo jẹ ẹ́ nítorí pé n kò mọ bí ọmọdé ṣe ń kọ itan adìyẹ láìsọ ìdí.

Bọ̀ọ̀dá Láísì dúró láàárín àgbàlá, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí. "Mo fa bíréèkì rẹ̀! Wàláì, mo fà á!"

"Bí o bá fà á, ta ló tú u?" Alájì kò gbé ohùn sókè. "Ọkọ̀ tó rìn fúnra rẹ̀ ni o fà? Má tún fi irọ́ kún un. Ọkùnrin yìí sọ fún mi, mo fi ṣe àwàdà."

Mo wà níbẹ̀. Itan adìyẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá Láísì wọ ọkọ̀ èrò padà sí Èkó. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kọ́ sára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Kò tún bọ̀ wá sílé ọdún mọ́ títí Alájì fi kú.

Àwọn atò-eegun tọ́jú ẹsẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ó ti kọjá ohun tí a ń tò. Wọ́n gbé Bàbá mi lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì gé e lábẹ́ orúnkún. Nígbà tí wọ́n padà dé pẹ̀lú igi abẹ́ apá, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa láti àárọ̀ dalẹ́. Awakọ̀ tuntun ti gba lọ́rì. Ọmọ ìgbà yẹn ni, ó máa ń kánjú, kì í dúró de ohùn ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti ń jáde lójú ọ̀nà, lọ́rì á payín keke, Bàbá mi á sì di ojú wọn bí ẹni tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́. "Ó ń pa á," ni wọ́n máa ń wí. "Ó ń pa á díẹ̀díẹ̀."

Sìkírátù kò wá jókòó lórí àtẹ̀gùn mọ́. Bí ó bá rí Bàbá mi, á kúnlẹ̀ kí wọn, á sì sá. Ó gbà pé nítorí òun ni wọ́n ṣe pàdánù ẹsẹ̀ wọn. Èmi tó yẹ kí n sọ fún un pé kì í ṣe òun, èmi gan-an ń sá fún un. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ ní òkè Ọya, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló kú sí. Bí ọ̀rẹ́ ṣe ń sọ nù nìyẹn, láìjà.

Alájì gbìyànjú. Wọ́n ra bátìrì tuntun sí ọkọ̀ náà, wọ́n ń mú kí awakọ̀ lọ́rì máa jí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n wá bá Bàbá mi. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́, tiyín ni."

"Alájì, mo dúpẹ́," ni Bàbá mi wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dìde ná."

Ọ̀rọ̀ náà kò tún wáyé mọ́ títí ọyẹ́ fi dé. Ìyá mi wà nínú oyún, ó ti tó ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ọmọ kò wá. Nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò jáde síta, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Ẹ gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ẹ má jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́."

Lọ́rì ti wà lójú ọ̀nà òkè Ọya. Àwọn ọkùnrin ti lọ kírun Jímọ̀. Ẹni tí wọ́n rán lọ wá ọkọ̀ nígboro kò tíì dé. Bàbá mi dúró lórí igi wọn, wọ́n ń wo ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan níbi tí eruku ọyẹ́ ti bò ó funfun. Ìyá mi ké nínú yàrá. Bàbá mi lọ sí ẹnu ọ̀nà Alájì, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó.

Nọ́ọ̀sì àti Ìyá mi wà lẹ́yìn. Bàbá mi ní kí n jókòó síwájú. "Ìwọ lo mọ lẹ́tà," ni wọ́n wí. Ẹ́ńjìnnì jí. "Èwo ni lẹ́tà ìrìn?"

"D ni, Bàbá. Ibí yìí."

Wọ́n fà á síbẹ̀, wọ́n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà lábẹ́ wa. Bàbá mi kò wò mí. Wọ́n ní, "Tú bíréèkì ọwọ́ yẹn."

Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Tú u. O mọ̀ ọ́n tú."

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n mọ̀, wọn kò sì tún sọ ọ́ mọ́ títí wọ́n fi wọ ilẹ̀. Mo na ọwọ́, mo tú u.

Mo ti wọ ọkọ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò tíì bẹ̀rù nínú ọ̀kankan bí mo ṣe bẹ̀rù nínú ìyẹn. Ọyẹ́ ti bo títì, igi ń yọ síni lójijì. Nígbà tí a bá dé òkè, mo máa ń rí kùkùté ẹsẹ̀ òsì Bàbá mi tó ń gbéra nínú ṣòkòtò tí wọ́n ká, ó ń tẹ afẹ́fẹ́, ó ń jọ̀wọ́ afẹ́fẹ́. Wọ́n ń fi ẹnu kùn lábẹ́ èémí, bí ẹni tó ń bá ẹ́ńjìnnì sọ ohun tó yẹ kó ṣe, ọkọ̀ náà á sì yí jíà nígbà tó bá wù ú, kò bi wọ́n léèrè. Ìyá mi ti dákẹ́ igbe kíké. Ìdákẹ́ yẹn ló burú jù.

Lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn kan tó lọ sí afárá odò, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Bàbá mi tẹ bíréèkì, òórùn jíjó wọlé wá bá wa. Wọ́n tún tẹ ẹ́, ẹsẹ̀ wọn wọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Afárá náà tín-ín-rín, nǹkan dúdú kan sì wà lórí rẹ̀ nínú ọyẹ́ tí a kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí ẹran.

"Lẹ́tà wo ló kù?"

"R wà níbẹ̀, Bàbá. N. L náà wà níbẹ̀."

"Èwo ló sún mọ́ D jù?"

"L ni!"

Wọ́n fà á. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù bí lọ́rì tó wọ jíà kìíní, gbogbo wa fì síwájú, ọkọ̀ náà sì dì mú. Mo rí i tí èjìká Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Agbo màlúù ni nǹkan dúdú náà. A dúró dè wọ́n kí wọ́n kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọkọ̀ ń fà lábẹ́ wa, tí Bàbá mi fi gbogbo ara tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀.

A dé Ìbàdàn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi padà bọ̀ wálé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ kò bá wọn bọ̀.

Bàbá mi kò wa ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. "Kì í ṣe ọkọ̀ burúkú," ni wọ́n wí. "Ó gbé ìyá rẹ dé. Ṣùgbọ́n n kò wà á. Òun ló gbé mi." Iṣẹ́ ìtọ́jú obì ni wọ́n ṣe lọ́dọ̀ Alájì títí wọ́n fi darúgbó.

Ọdún tí a sin Bàbá mi ni mo tó lọ bá Bọ̀ọ̀dá Láísì ní Èkó. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé kò wa ọkọ̀ rí láti ìgbà tí òun ti fẹ́ ẹ. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ gbé e jáde, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, a sì máa bi wọ́n léèrè bí ẹ̀ẹ̀mẹta bóyá wọ́n ti fa bíréèkì. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ ọ́ pátá: àga tó rọ̀, irin tó tẹ̀ kọdọrọ, ọwọ́ mi.

Kò sọ pé kí n dìde. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ mi, bí ẹni pé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣì wà níbẹ̀. Ó kọjú sí ẹ̀yìn, ó ké pe ìyàwó rẹ̀. "Wá! Wá gbọ́! Mo fà á. Ṣé o gbọ́? Mo fa bíréèkì yẹn!" Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà parẹ́. Ó bi mí, ní ohùn kékeré tí mo fi ẹ̀rù gbọ́, "Bàbá mi ti kú lórí pé òpùrọ́ ni mí. Ta wá ni kí n lọ sọ fún báyìí?"

Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́.

Ayé ti yí, Alájì sọ òótọ́. Ẹsẹ̀ méjì, ọwọ́ méjì àti etí ni ọkọ̀ ń gbà láyé Bàbá mi. Ní tiyín, ó kù díẹ̀ kó má gba nǹkan kan lọ́wọ́ ènìyàn mọ́. N kò bá yín jà. Ẹsẹ̀ ń dun èmi náà, bí mo bá ń wakọ̀ ni, n óò fẹ́ èyí tó rọrùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé nǹkan kan rìn fúnra rẹ̀, tó sì pa ẹnìkan lára, ẹ rọra wo àyíká. Ọwọ́ kan wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ọwọ́ náà sì mọ ara rẹ̀.